Ọjọ́ Tí Ìyá Dókítà Dákẹ́

Kí ìfẹ́ tó mú Ìyá Dókítà, ìtìjú ló kọ́kọ́ mú un. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ni ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, tó jẹ́ dókítà eyín, mú ọkùnrin kan wọ ilé ìwòsàn rẹ̀, tó ní, "Màámi, ọ̀gá yìí ló máa bá wa ṣe ìkànnì sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀yin ni wọ́n máa kọ́ bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀." Ìyá Dókítà gbójú sókè láti ìdí tábìlì tó ti ń gba àlejò. Ó rí àgbà ọkùnrin kan tí irun rẹ̀ ti funfun tán, tó há báàgì sí abíyá, tó sì tẹjú mọ́ pátákó tí wọ́n kọ orúkọ ilé ìwòsàn náà sí lára ògiri. Lẹ́tà kan nínú orúkọ náà ti yẹ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé pátákó náà kọ́ ló ti ń yọ Ìyá Dókítà lẹ́nu, àmọ́ gbogbo ẹni tó bá sọ fún ló ń sọ pé àwọn ò rí nǹkan kan.

Ọkùnrin náà wo pátákó, ó wo obìnrin náà, ó rọra béèrè pé, "Ẹ̀yin náà rí i, àbí?"

"Mo rí i," ni Ìyá Dókítà dáhùn, ojú sì tì í. Kò mọ ohun tó ń tì í lójú níbẹ̀. Ó kàn rí i pé etí òun gbóná, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í tún ìwé tó wà níwájú rẹ̀ tò, ìwé tí kò dàrú tẹ́lẹ̀.

Atẹ̀wé ni obìnrin yìí láyé ọjọ́un. Ó fi ọ̀pọ̀ ọdún tẹ̀wé ní ọ́fíìsì àwọn tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ sì kú, tí ọmọ wọn ò tíì jáde ilé-ìwé girama, ó tún gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sílé, ó ń tẹ iṣẹ́ oníṣẹ́ pa pa pa títí ọmọ náà fi di dókítà. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ọmọ rẹ̀ mú un sọ́dọ̀, ó fún un ní yàrá tó dára jù nínú ilé, ó sì fi í síwájú ilé ìwòsàn kó má bàa máa dá jókòó. Láti ìgbà náà ni gbogbo ayé ti ń pè é ní Ìyá Dókítà. Orúkọ náà dùn mọ́ ọn. Ó sì ti wọ̀ ọ́ lára débi pé bí ẹnì kan bá pe orúkọ àbísọ rẹ̀ nígboro, kò ní bojú wẹ̀yìn.

Ọkùnrin tó wá ṣe ìkànnì ní tirẹ̀, Ọ̀gá Lẹ́tà ni wọ́n ń pè é. Ilé ìtẹ̀wé ló ti lo ìgbà èwe rẹ̀, níbi tó ti ń fọwọ́ to lẹ́tà onírin lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Kọ̀ǹpútà dé, iṣẹ́ náà kú, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gba ilé lọ. Òun ra kọ̀ǹpútà àlòkù kan, ó jókòó tì í, ó di ẹni tó ń ṣe ìkànnì fún èèyàn. Ìyàwó rẹ̀ ti ṣaláìsí, wọn ò sì bímọ. Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ tó ti di arúgbó kùjọ́kùjọ́ ló ń gbé.

Ọjọ́ tó kọ́kọ́ kọ́ Ìyá Dókítà níṣẹ́, ó fa àga tì í, ó ṣí ẹ̀yìn ìkànnì náà hàn án, ibi tí àlejò kì í dé.

"Ta ló ni ètò tẹ́ ẹ fi ń ṣe gbogbo eléyìí?" ni Ìyá Dókítà béèrè.

"Kò sẹ́ni tó dá a ni. Àwọn kan ló pilẹ̀ rẹ̀, wọ́n ṣí i sílẹ̀ gbayawu, wọ́n ní kí ẹni tó bá fẹ́ mú un, kó tú u wò, kó tún un ṣe bó ṣe wù ú. Ẹni tó bá ríbi tó ń jò níbẹ̀ á dí i, á sì fi ohun tó fi dí i han àwọn yòókù."

"Lọ́fẹ̀ẹ́?"

"Lọ́fẹ̀ẹ́ ni. Ìtọ́jú rẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀fẹ́. Tẹ́ ẹ ò bá sọ ọ́ dọ̀tun látìgbàdégbà, ibi tó bá ti gbó lolè máa gbà wọlé. Ohun téèyàn bá pa tì, bó ti wù kó lẹ́wà tó, á bàjẹ́ ni."

"Bí èèyàn náà ni," ni Ìyá Dókítà sọ, ó sì dà bíi kó gé ahọ́n ara rẹ̀ jẹ.

Ọ̀gá Lẹ́tà ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. "Ìkìlọ̀ kan ṣoṣo ni mo ní fún yín. Kẹ́ ẹ tó tẹ ohunkóhun níbí, ẹ kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ pa mọ́. Tí tuntun ò bá bá èyí tó wà nílẹ̀ rẹ́, ẹ̀dà yẹn lẹ máa padà sí."

Ìyá Dókítà yára mọ iṣẹ́ náà ju bí ọmọ rẹ̀ ṣe rò lọ. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ọ̀rọ̀ tuntun síta, bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ àwòrán, bí wọ́n ṣe ń dá àwọn aláìsàn tó bá kọ ìbéèrè síbẹ̀ lóhùn. Kì í wo ọwọ́ rẹ̀ tó bá ń tẹ̀wé. Ọ̀gá Lẹ́tà á jókòó, á máa wo ìka rẹ̀ bí ẹni ń wo omi tó ń ṣàn.

"Ẹ máa ń fi àlàfo méjì sílẹ̀ lẹ́yìn gbólóhùn kọ̀ọ̀kan," ló sọ lọ́jọ́ kan.

"Bí wọ́n ṣe kọ́ wa nìyẹn."

"Mo mọ̀. Ìwé láti ọ́fíìsì ilẹ̀ máa ń wá sọ́dọ̀ wa nílé ìtẹ̀wé nígbà náà. Atẹ̀wé kan wà níbẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ tónítóní. Tí ìwé rẹ̀ bá dé, gbogbo wa la máa ń jà sí i, torí ojú kì í ro èèyàn tó bá ń tò ó. Mo máa ń rò pé ọkùnrin ni."

"Ọkùnrin kankan ò sí ní yàrá wa. Àwa méjì la wà níbẹ̀, ẹnì kejì mi ò sì lè tẹ ìlà kan kó má ṣìṣe."

Wọ́n wo ara wọn. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún sẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ ń tọwọ́ obìnrin yìí bọ́ sọ́wọ́ ọkùnrin yìí, tí wọn ò mọra. Láti ọjọ́ náà, Ọ̀gá Lẹ́tà ò pè é ní Ìyá Dókítà mọ́. Atẹ̀wé ló ń pè é.

Ìgbà tí iṣẹ́ ìkànnì náà parí, ọkùnrin náà ò parí wíwá. Òní, ó ní òun fẹ́ wo bí àfikún tuntun kan tí òun so mọ́ ìkànnì náà ṣe ń ṣe sí. Ọ̀la, ó ní àwòrán kan ń pẹ́ kó tó ṣí. Ìyàwó Dókítà, tó máa ń gbé irinṣẹ́ fún ọkọ rẹ̀ tó bá ń tọ́jú aláìsàn, kúkú jẹ́ ẹni tí kì í rí nǹkan kó gbójú fò ó.

"Màámi, ṣé ìkànnì yìí ń ṣàìsàn ni? Ojoojúmọ́ ni oníṣègùn rẹ̀ ń wá."

"Iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe."

"Mo gbọ́. Àwọn fúnra wọn ló sọ fún mi pé gbogbo rẹ̀ làwọn lè jókòó sílé àwọn ṣe."

Ìyá Dókítà ní kó lọ wọ ìbọ̀wọ́, aláìsàn ń dúró. Ìyàwó Dókítà rẹ́rìn-ín wọlé lọ.

Àmọ́ tí Ìyá Dókítà bá dá wà, kì í rẹ́rìn-ín. Ara rẹ̀ ló ń bá wí. Ìwọ obìnrin yìí, àgbà tó wẹ̀wù àṣejù, ẹ̀tẹ́ ni yóò fi rí. Ọmọ-ọmọ ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ ń retí, ọkùnrin ni ìwọ ń retí. Ó ra bùláòsì aláwọ̀ ojú ọ̀run kan, ó fi í pa mọ́ sábẹ́ àwọn aṣọ àtijọ́ bíi pé ó jí i. Àwòrán ọkọ rẹ̀ tó ti kú wà lórí ibi ìkówèésí ní yàrá. Kò yí i sí ògiri, ṣùgbọ́n ilé ìwẹ̀ ló ti wá ń pààrọ̀ aṣọ. Tí Dókítà bá sì wọlé bá òun àti Ọ̀gá Lẹ́tà nídìí kọ̀ǹpútà, á yára fa àga rẹ̀ sẹ́yìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ohun tí wọ́n ń ṣe ju pé wọ́n ń yan irú lẹ́tà tó máa dùn ún kà fún arúgbó.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀ wẹ́liwẹ́li, Ọ̀gá Lẹ́tà wọlé, kò ṣí báàgì rẹ̀. Ó dúró níwájú tábìlì bí ẹni tó wá yọ eyín.

"Atẹ̀wé, mo ti to ọ̀rọ̀ yìí títí, kò tò. Ẹ jẹ́ kí n kàn sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ ká fẹ́ ara wa. Mi ò nílé ńlá. Mo ní ìyá tó máa ń ṣàròyé, èmi náà sì máa ń han-run. Àmọ́ tí mo bá ti kúrò níbí, mi ò mọ ohun tí mò ń ṣe mọ́ títí màá fi padà wá."

"Bẹ́ẹ̀ ni" ni Ìyá Dókítà fẹ́ sọ. Bẹ́ẹ̀ ni náà ti dé ọ̀fun rẹ̀. Ló bá gbójú sókè, ó rí àwọn aláìsàn lórí bẹ́ǹṣì, ọkùnrin kan tó fọwọ́ gbá ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú, ìyá kan tó gbé ọmọ lẹ́sẹ̀. Gbogbo wọn ń wò ó.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ síta ná," ló sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Èèyàn wà níbí."

"Kò burú. Màá dúró."

Ó jáde lọ dúró sábẹ́ òrùlé níta. Kí Ìyá Dókítà má bàa kojú àwọn èèyàn tó ń wò ó, ó kọjú sí kọ̀ǹpútà bí ẹni tí iṣẹ́ kún lọ́wọ́ rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ń sọ fún un pé àwọn àfikún kan ti gbó, ṣé kí òun sọ wọ́n dọ̀tun? Ó tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Ó ṣe é láìrò, láìṣe ẹ̀dà kankan pa mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni tí kò lè sọ fún ọkùnrin, ó tẹ̀ ẹ́ fún ẹ̀rọ.

Ojú kọ̀ǹpútà dúró díẹ̀, lẹ́yìn náà ló funfun báláú. Ó tún un tẹ̀. Funfun. Gbogbo ìkànnì náà ti lọ, àti ọjọ́ tí wọ́n dá fún àwọn aláìsàn, àti ohun tí àwọn aláìsàn kọ nípa oògùn tí ara wọn ò gbà.

Kò tíì mọ ohun tó máa ṣe tí Dókítà fi jáde láti inú yàrá pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. "Màámi, aláìsàn kan ń pè mí pé òun ò rí nǹkan kan lórí ìkànnì wa. Obìnrin tí mo máa yọ eyín fún lónìí, oògùn kan wà tí kò gbọ́dọ̀ kan ara rẹ̀, orí ìkànnì ló kọ ọ́ sí. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Ní àkókò náà gan-an ni Ọ̀gá Lẹ́tà wọlé, torí ó gbọ́ ariwo. Dókítà yíjú sí i.

"Ẹ̀yin ni, àbí? Ẹ tún ti fọwọ́ kàn án."

Ọ̀gá Lẹ́tà gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀. Ó wo kọ̀ǹpútà, ó wo Ìyá Dókítà.

"Mo ti ń wò yín tipẹ́," ni Dókítà ń bá ọ̀rọ̀ lọ, ohùn rẹ̀ sì ń ròkè. "Iṣẹ́ ti parí, ẹ ò lọ. Ẹ ń wá jókòó ti màámi láàárọ̀, ẹ ń jókòó tì wọ́n lọ́sàn-án. Ìgbà tẹ́ ò ríṣẹ́ ṣe mọ́ lẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ba èyí tẹ́ ẹ ti ṣe jẹ́. Màámi, kí ni ọkùnrin yìí jẹ́ sí yín gan-an?"

Ẹni tó gbá ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú gbàgbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

"Kí ló máa jẹ́ sí mi?" ni Ìyá Dókítà sọ. Ohùn náà ò jọ tirẹ̀. "Ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ni."

Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sọ pé òun lòun tẹ̀ ẹ́. Ọ̀gá Lẹ́tà wò ó, kò wò ó pẹ́.

"Ẹ má bínú, Dókítà," ló ní. "Màá tún un ṣe."

Ó jókòó. Ẹ̀dà kan wà tí òun fúnra rẹ̀ ti ṣe pa mọ́ síbòmíràn. Ó nawọ́ mú un wá láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó wá àfikún tó ń bá èkejì jà, ó yọ ọ́ sọnù. Ìkànnì náà padà. Oògùn obìnrin tí wọ́n fẹ́ yọ eyín fún sì wà níbẹ̀, kò sí ohun tó ṣe é. Ọ̀gá Lẹ́tà wá sọ páásíwọọ̀dù gbogbo fún Dókítà, ó ní kó yí i padà kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀. Ó há báàgì rẹ̀ sí abíyá.

"Ó dàbọ̀, Ìyá Dókítà," ló ní, ó sì bọ́ sínú òjò.

Láti ọjọ́ náà lọ, Ìyá Dókítà nìkan ló ń tọ́jú ìkànnì. Ọmọ rẹ̀ ní, "Ẹ rí i? A ò nílò ẹnikẹ́ni," ó sì fọwọ́ gbá a léjìká. Ìyá Dókítà ń ṣe ẹ̀dà ní òwúrọ̀, ó ń ṣe é ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀rù ń bà á bí ẹni tí iná ti jó rí. Ó máa ń gbé fóònù, á rí nọ́ńbà ọkùnrin náà, á tún gbé e sílẹ̀. Kí ló fẹ́ sọ? Ẹni tó bú èèyàn lójú èrò kì í bẹ̀ ẹ́ ní kọ̀rọ̀. Ó mọ ìyẹn. Ohun tó mọ̀ yẹn gan-an ló ń bà á lẹ́rù.

Ìgbà kan, àwòrán kọ̀ láti ṣí, ó sì lọ wá ìrànlọ́wọ́ níbi tí àwọn tó ń lo ètò ọ̀fẹ́ náà káàkiri ayé ti máa ń bi ara wọn ní ìbéèrè. Bó ṣe ń kà á lọ, ó rí orúkọ kan: Ọ̀gá Lẹ́tà. Ọkùnrin náà wà níbẹ̀, ó ń dá àwọn tí kò mọ̀ rí lóhùn. Ẹnì kan kọ̀wé pé òun sọ nǹkan dọ̀tun láìṣe ẹ̀dà, gbogbo rẹ̀ ti funfun, òun fẹ́ sunkún. Ọ̀gá Lẹ́tà kọ ọ́ sí i pé: Ẹ má sunkún. Kò sí ẹni tí kò ṣẹlẹ̀ sí nínú wa. Ẹ fara balẹ̀, ẹ jẹ́ ká jọ wá a.

Ìyá Dókítà kà á títí ojú rẹ̀ fi ṣú. Ká ní ó sọ pé òun lòun tẹ̀ ẹ́ ni, ohun tí ọkùnrin náà ì bá sọ nìyí. Ẹ̀bi ẹ̀rọ ò tó nǹkan kan lójú rẹ̀. Ti "kí ló máa jẹ́ sí mi" ni kò ní àtúnṣe lórí íńtánẹ́ẹ̀tì.

Ìyàwó Dókítà ló bá a nídìí ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Ó ti ilẹ̀kùn, ó jókòó.

"Màámi, mo wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá lọ́jọ́ náà. Mo rí bí ọwọ́ yín ṣe tẹ kọ̀ǹpútà yẹn."

Ìyá Dókítà bo ojú. "Kí ló dé tó ò sọ fún ọkọ rẹ?"

"Ọ̀rọ̀ yín ni. Tí mo bá bá yín sọ ọ́, ẹ ò ní dárí jì mí."

"Ṣé o lè bá mi dé ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Lẹ́tà? Sọ fún wọn pé mo bẹ̀ wọ́n."

Ìyàwó Dókítà lọ, ó pẹ́ kó tó dé. Ìyá Dókítà ti dìde nígbà àìmọye láti wojú fèrèsé.

"Wọ́n ní àwọn ò bínú."

"Ìyẹn nìkan?"

"Ìyẹn nìkan lẹ́nu tiwọn. Àmọ́ màmá wọn bínú. Màmá ní kí n sọ fún yín pé ẹni tó bá ní ẹsẹ̀ kì í rán ẹsẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀."

Ìyá Dókítà jókòó pẹ́ lẹ́yìn tí ìyàwó ọmọ rẹ̀ jáde. Ó mọ̀ pé kí ẹsẹ̀ òun tó dé ilé yẹn, ibì kan wà tó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dé. Lọ́jọ́ kejì, ó wọ bùláòsì aláwọ̀ ojú ọ̀run. Ó dúró de ìgbà tí bẹ́ǹṣì kún. Nígbà tí Dókítà jáde wá pe aláìsàn, ìyá rẹ̀ dìde.

"Ọmọ mi, mo ní ọ̀rọ̀ láti bá ọ sọ."

"Ẹ jẹ́ ká wọlé, Màámi."

"Rárá. Níbí lo ti sọ tìẹ. Ìkànnì tó bàjẹ́ ọjọ́sí, èmi ni mo bà á jẹ́. Mo tẹ ohun tí kò yẹ kí n tẹ̀. Ọ̀gá yẹn ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ó wà níta, mo jẹ́ kó jẹ èébú tèmi, mo sì dákẹ́."

Gbogbo wọn ń wò ó. Ìyá kan lórí bẹ́ǹṣì ṣíwọ́ gbígbé ọmọ rẹ̀ lẹ́sẹ̀ jó. Òógùn ń ṣàn lẹ́yìn Ìyá Dókítà lábẹ́ bùláòsì tuntun.

"Màámi, ẹ máa dójú tì mí," ni Dókítà sọ ní ohùn ìsàlẹ̀.

"Ojú ti tì mí tán, ọmọ mi. Fara da tìẹ díẹ̀. O bi mí pé kí ló jẹ́ sí mi. Ọjọ́ náà ló ní òun fẹ́ fẹ́ mi. Mo fẹ́ gbà. Ẹ̀rù yín ló bà mí, ìwọ àti àwọn tó jókòó síbí, mo wá fi í ṣe alátúnṣe ẹ̀rọ."

Ọkùnrin kan tí wọ́n ti fún labẹ́rẹ́, tí apá kan ẹnu rẹ̀ ti kú tipiri, fẹ́ sọ nǹkan. "Ẹ̀yin... ẹ ẹ́ un," ló ní. Kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá ó ń gbà tàbí ó ń kọ̀. Dókítà mú un lọ́wọ́ wọlé.

Ìrọ̀lẹ́ ni Dókítà tó wá bá ìyá rẹ̀ nínú yàrá. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo àwòrán bàbá rẹ̀.

"Ṣé ẹ ò ro ti bàbá mi ni?"

"Kò sí ọjọ́ tí mi ò ro tiwọn."

"Mo rò pé ẹ láyọ̀ lọ́dọ̀ wa."

"Mo láyọ̀. Mo kàn dá wà nínú ayọ̀ náà ni."

Dókítà mí kanlẹ̀. Òun náà mọ̀ pé òun àti ìyàwó òun máa ń ti ilẹ̀kùn yàrá àwọn, tí ìyá òun á sì wọ tirẹ̀ lọ lóun nìkan. "Mi ò fọwọ́ sí i," ló sọ níkẹyìn. "Mi ò lè purọ́ fún yín. Ọkùnrin tí mo lé jáde, kí lẹ fẹ́ kí n máa pè é?"

"Pè é ní ohun tó bá wá sí ọ lẹ́nu, tí kò bá ti jẹ́ èébú."

Ọjọ́ ìsinmi ló tẹ̀ lé e. Ìyá Dókítà fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ sílé Ọ̀gá Lẹ́tà. Ilé kékeré kan ni, lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń lẹ táyà. Arúgbó náà jókòó létí fèrèsé, rédíò kékeré wà lórí itan rẹ̀. Ó pa á bó ṣe gbọ́ ìró bàtà.

"Ìwọ lobìnrin tó fi ọmọ mi ṣe alátúnṣe ẹ̀rọ?"

"Èmi ni, mà."

"Ọmọ ọdún mélòó ni ọ́?"

Ìyá Dókítà sọ fún un.

"O ṣì kéré," ni arúgbó sọ. "Jókòó, ọmọdé yìí." Kò sẹ́ni tó ti pè é ní ọmọdé láti ìgbà tí ìyá tirẹ̀ ti kú. Ó jókòó sórí àpótí, omi ń lé ròrò lójú rẹ̀. "Ọjọ́ tó kúrò lọ́dọ̀ yín, ó dé ilé, ó jẹun, ó fọ àwo rẹ̀, ó lọ jókòó síwájú kọ̀ǹpútà tí kò tàn. Mo bi í, ó ní kò sí nǹkan kan. Ọmọ mi ti dàgbà, mi ò lè gbé e sẹ́yìn mọ́. Ìdí tí mi ò fi fẹ́ ọ nìyẹn. Ẹni tó bá lù ú, mo lè lọ bá a jà. Ẹni tó bá sẹ́ ẹ, báwo ni mo ṣe fẹ́ bá a jà?"

"Òótọ́ lẹ sọ, mà."

"Tí wọ́n bá tún bi ọ́ lójú èrò, kí lo máa sọ?"

"Màá sọ pé ẹni tí mo fẹ́ ni."

"Má sọ ọ́ fún mi. Èmi kì í ṣe èrò."

Ọ̀gá Lẹ́tà wọlé pẹ̀lú búrẹ́dì lábẹ́ abíyá. Ó rí ẹni tó jókòó, ó dúró. Ìyá rẹ̀ ní òun fẹ́ gbọ́ rédíò òun, kí àwọn méjèèjì jáde.

Wọ́n dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri níta, táyà àtijọ́ yí wọn ká.

"Mo ti sọ ọ́ fún ọmọ mi," ni Ìyá Dókítà ní. "Níwájú àwọn aláìsàn."

"Mo gbọ́. Ìyàwó Dókítà pè mí."

"Mi ò ní sọ pé kẹ́ ẹ gbàgbé."

"Kò ṣeé gbàgbé." Ó ń wo búrẹ́dì ọwọ́ rẹ̀. "Pé ẹ ò sọ pé ẹ̀yin lẹ tẹ̀ ẹ́, ìyẹn ò dùn mí. Èkejì ló dùn mí. Ó ń dùn mí báyìí, mi ò ní purọ́. Àmọ́ kó máa dùn mí kí n sì máa rí yín, ó sàn ju kó máa dùn mí ní èmi nìkan lọ."

Ìyá Dókítà fọwọ́ kan apá aṣọ ọkùnrin náà, ó sì gbọ́wọ́ kúrò nígbà tí onítáyà bojú wò wọ́n.

Ó tó oṣù bíi mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn kí Dókítà tó béèrè pé, "Ibo ni ilé wọn wà gan-an?" Ìyá rẹ̀ júwe. Ó lọ, ó dé, kò sọ ohun tó lọ ṣe. Ọ̀gá Lẹ́tà ló wá sọ ọ́ lọ́jọ́ kejì, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ọmọ yín jókòó sílé wa títí, kò rí ọ̀rọ̀ sọ. Nígbà tó yá, ó mú iná kékeré jáde lápò, ó ní kí n la ẹnu. Ó yẹ gbogbo eyín mi wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní ọ̀kan ti ń bàjẹ́ lẹ́yìn, kí n wá, òun á bá mi tún un ṣe. Bó ṣe bẹ̀ mí nìyẹn. Ó yẹ ẹnu màámi náà wò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí eyín kan níbẹ̀."

Wọ́n ṣègbéyàwó ní ọ́fíìsì ìjọba, láàárọ̀ ọjọ́ tí iṣẹ́ ń lọ. Ìyàwó Dókítà wà níbẹ̀, arúgbó wà níbẹ̀ lórí àga tí wọ́n bá a gbé wá. Dókítà ò sí. Akọ̀wé béèrè pé ta ló dúró fún ìyàwó. Ìyàwó Dókítà ti ń dìde nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, tí Dókítà wọlé pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ funfun lọ́rùn. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni.

"Èmi ni," ló ní. "Ìyá mi ni."

Nígbà tí wọ́n jáde, oòrùn ti mú. Dókítà ní kí wọ́n wọ ọkọ̀ òun, àmọ́ arúgbó àti àga rẹ̀ ti kún ẹ̀yìn ọkọ̀ náà. Ọ̀gá Lẹ́tà ní ilé ò jìnnà, àwọn méjì á fẹsẹ̀ rìn. Ó na ọwọ́. Ìyá Dókítà wo òsì, ó wo ọ̀tún. Àwọn ọmọ iléèwé ń kọjá, wọ́n rí òdòdó tó lẹ̀ mọ́ bùláòsì rẹ̀, wọ́n fi ara gún ara wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

"Ojú ń tì mí," ló sọ fún ọkọ rẹ̀.

"Ó ń ti èmi náà."

Ó di ọwọ́ náà mú. Ojú tì í dé ìkóríta. Ojú tì í kọjá níwájú ilé oúnjẹ tí èrò kún, níbi tí ẹnì kan ti pariwo kí i ní Ìyá Dókítà, tó wo ọkùnrin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tó sì béèrè pé ta nìyí.

"Ọkọ mi ni," ni Ìyá Dókítà dáhùn. Ojú ṣì ń tì í nígbà tí wọ́n yà sí àdúgbò wọn, ọrùn rẹ̀ gbóná, kò sì fọwọ́ ọkùnrin náà sílẹ̀.